Àgbo Tí Ìyá Ọkọ Mi Rẹ Fún Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ó pẹ́ tí ẹ̀rù ti ń bà mí láti sọ ọ̀rọ̀ yìí. Lónìí, n óò rò ó fún yín.

Ìdànrè ni, ó ku ọdún díẹ̀ kí a gba òmìnira. Èmi àti Àkànní ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ oko kòkó ní abúlé Àtòsìn, ìyá rẹ̀ sì ń bá wa gbé. Ìyá fẹ́ràn mi jù! Wọn kì í jẹ ẹran kí wọ́n má bù fún mi. Àmọ́ ọdún kẹrin nìyẹn, kò sí oyún.

Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé n kò rí nǹkan oṣù rí láyé mi. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Oṣooṣù ni mo ń fọ àkísà tí kò lábàwọ́n, tí mo ń sá a sẹ́yìn ilé kí Ìyá lè rí i. Bí wọ́n bá ti rí i, wọn a mí kanlẹ̀, wọn a tún wá egbò igi mìíràn lọ.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n rẹ àgbo sínú ìgò tí oògùn tí à ń fọ́n sí kòkó ti tán nínú rẹ̀. Wọ́n ti fi iyanrìn àti eérú fọ̀ ọ́ dáadáa o! Ìgò tó dára bẹ́ẹ̀, ta ní máa sọ ọ́ nù? Mo mu ife kan. Kí oòrùn tó kan àtàrí, mo ti ń gbọ̀n, itọ́ ń dà lẹ́nu mi. Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé wa dé ọsibítù. Oògùn kòkó tó ṣẹ́kù sára ìgò ló ti dà pọ̀ mọ́ àgbo. Títí dòní, òórùn oògùn yẹn ṣì ń já mi láyà.

Nígbà tí ara mi balẹ̀, dókítà yẹ̀ mí wò. Ó ní ibi tí ẹyin ọmọ máa ń wà kò dàgbà nínú mi láti inú ìyá mi, pé kò sí àgbo tó lè tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó fi hàn pé kúrómósómù mi dín kan. Kúrómósómù ni àwọn ohun tín-ín-rín bí òwú tí à ń jogún lára bàbá àti ìyá. Ọ̀kan tó dín yẹn náà ló jẹ́ kí n kúrú báyìí.

Lọ́jọ́ náà ní ọsibítù, mo fi ẹkún sọ gbogbo ohun tí dókítà sọ fún Ìyá àti Àkànní. Mo rò pé wọ́n á dá mi padà sílé bàbá mi.

Ìyá bi mí pé, "Àwọn àkísà yẹn wá ńkọ́?"

"Kò sí nǹkan kan lára wọn, Ìyá."

"O fi ọdún mẹ́rin fọ aṣọ tó mọ́? Háà, ọṣẹ mi o!"

Ẹ̀rín pa wọ́n, àfi bí ẹ̀rín ṣe di ẹkún. Àkànní ní èmi lòun fẹ́, òun ò fẹ́ oyún níyàwó.

Ìyá nu ojú wọn. "Èmi tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọ́, èmi náà ni kí n tún lé ọ? Dìde, ọmọ mi, ká máa lọ sílé."

Ẹ̀yin obìnrin, bí nǹkan oṣù kò bá wá, ẹ má fi pamọ́ bíi tèmi. Ẹ rí dókítà kí ẹ tó mu ohunkóhun. Kì í ṣe ẹ̀bi yín! Ṣé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú yín? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, n óò kà á.