Ìbídùnní Tó Fi Apẹ̀rẹ̀ Mu Gààrí

Ìròyìn tó gba Ọjà Ọba Àkúrẹ́ kan ni pé obìnrin kan wà ní Arakale tó ń fi apẹ̀rẹ̀ mu gààrí, omi ò sì jò. Kí ọ̀rọ̀ náà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́kadà, obìnrin ọ̀hún ti fi apẹ̀rẹ̀ gbọ́n odò Àlà gbẹ, àwọn ẹja sì ń dá kẹ̀kẹ́ dúró lójú títì. Nígbà tó fi máa dé Oǹdó, apẹ̀rẹ̀ ti ń dá lọ pọn omi fúnra rẹ̀.

Hameedat, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta abọ́ lọ́jà, ló dá a sílẹ̀. Ó kúkú rí nǹkan. Ó bá Ìbídùnní ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, gààrí tútù nínú apẹ̀rẹ̀, ṣíbí ń lọ, ṣíbí ń bọ̀. Ohun tí kò dúró gbọ́ kó tó sáré jáde ni pé igi arère ni apẹ̀rẹ̀ náà.

Ìbídùnní á de ìtí igi mọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á máa yí i bírí bírí, òun á ki irin ẹlẹ́nu mímú bọ̀ ọ́ títí yóò fi di abọ́. Á wá fa ìlà róbótó yí ara abọ́ ká, ọ̀kan lórí èkejì, á fi wáyà há ojú ìlà náà kí ooru yíyí igi náà jó o dúdú. Irin gbígbóná ni yóò tún fi tẹ ìlà láti ẹnu abọ́ dé ìdí. Àwọn ojú wẹ́wẹ́ tó kù, á fi tàdáwà kùn wọ́n, ọ̀kan pupa, ọ̀kan dúdú, òmíràn láìkùn, títí ojú èèyàn á fi búra pé híhun ni wọ́n hun ún. Bó bá ṣèèṣì sín nídìí iṣẹ́ yìí, ó di kó wá igi míì.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ oníṣẹ́ igi ò gbà á, láìwọ ẹgbẹ́ kò sì lè gbé pátákó orúkọ rẹ̀ síta. Alága wọn, Alàgbà Adébùsóyè, tí ikùn rẹ̀ máa ń dé ìpàdé kí òun fúnra rẹ̀ tó dé, ní obìnrin kì í yí igi. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù: ẹni tó bá gbégbá orókè nínú iṣẹ́ igi níbi ìpàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ ní Oǹdó, dandan ni kí wọ́n gbà á.

"Pátákó mi á yọ," ni Ìbídùnní wí. Ó gbé abọ́ rẹ̀ tó tóbi jù lọ, ó wọ mọ́tò Oǹdó, Hameedat tẹ̀ lé e.

Lẹ́nu ọ̀nà ìpàtẹ, Alàgbà wo abọ́, ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ọ̀hún ni àwọn alágbọ̀n wà."

"Igi ni, sà."

"Igi wo? Ṣé ojú mi fọ́ ni? Ẹ bá a gbé e lọ jàre!"

Kí Ìbídùnní tó tún la ẹnu, abọ́ ti wà lórí tábìlì alágbọ̀n, wọ́n ti fi okùn yí i ká kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Àwọn adájọ́ náà ò fọwọ́ kàn án. Òkèèrè ni wọ́n ti ń mi orí. Màmá Wúrà, olórí adájọ́ agbọ̀n, tó ti ń hun agbọ̀n láti ìgbà tí Nóà ti ń wá ohun tó máa kó adìyẹ sí, gba máìkì.

"Mi ò rí ọwọ́ ìhun tó dọ́gba báyìí rí! Ẹni kìíní nínú agbọ̀n, Ìbídùnní láti Àkúrẹ́!"

Àtẹ́wọ́ rọ̀ bí òjò. Hameedat gún un nígbọ̀nwọ́. "Lọ gbà á, wàláhì! Ife ẹ̀yẹ ni ife ẹ̀yẹ ń jẹ́."

"Wo Alàgbà bó ṣe ń pàtẹ́wọ́," ni Ìbídùnní wí. "Tí mo bá gba ife yẹn, mo di alágbọ̀n títí ayé nìyẹn, ẹgbẹ́ á sì sùn wọra."

Ó bẹ́rẹ̀ gba abẹ́ okùn, ó gbé abọ́ rẹ̀. Ó gbé e kọjá lójú gbogbo èèyàn, ó gbé e kalẹ̀ gbì sáàárín tábìlì onígi, fìlà Alàgbà tó wà níbẹ̀ ló fi ṣe ìtẹ́dìí. Ó wá na ọwọ́ sí máìkì.

"Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Èmi ni Ìbídùnní Ọlọ́runfúnmi. Mi ò gbọ́n odò kankan gbẹ, gààrí ni mo mu. Mi ò sì hun agbọ̀n rí láyé mi. Igi nìyí, èmi ni mo yí i, kì í ṣe ọkọ mi. Tíṣà ni ọkọ mi, ìṣó kan ò tọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Màmá, ẹ ṣeun, ẹ fún alágbọ̀n gidi ní ife yín. Ẹ̀yin adájọ́ igi, ẹ súnmọ́ ibí, ẹ fọwọ́ kàn án, kí ẹ tún ìdájọ́ bẹ̀rẹ̀. Mo ti jókòó dè yín."