Omi Tí Màámi Kò Kà Mọ́ Omi

Ọdún tí mo kọ́kọ́ ríṣẹ́ ni kíndìnrín màámi dáṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn dókítà ní kí wọ́n dín omi mímu kù gan-an, nítorí pé omi tí wọ́n bá mu kò rí ọ̀nà jáde mọ́, àfi ìgbà tí a bá lọ fọ ẹ̀jẹ̀ wọn ní ọsibítù. Bí ó bá pọ̀ jù lára, ó lè kún àyà wọn, kí wọ́n má lè mí mọ́. Nítorí náà, ní àràárọ̀, nínú yàrá wa ní Agbowó, mo máa ń bu omi sínú ike kan dé ojú àmì tí mo fà sí i. Omi ọjọ́ náà nìyẹn. Lẹ́yìn náà, màámi á gun orí ìwọ̀n, èmi á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo iye tó kọ.

"Ẹnjiníà," wọ́n á ní, "ṣé o ò ní wọn itọ́ tí mo ń gbé mì báyìí?"

Èmi á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹnu lásán ni.

Níbi iṣẹ́ pẹ̀lú, omi ni mò ń wọ̀n. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe júùsì ni, nítòsí Ring Road. Mítà wà lára páìpù kọ̀ọ̀kan, gbogbo mítà ló sì máa ń ṣìṣe díẹ̀. Àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ sọ fún mi pé tẹ́lẹ̀, ohun tí mítà bá ti sọ ni wọ́n ń kọ sójú pátákó, ó parí. Ní báyìí, kọ̀ǹpútà ló ń kó gbogbo rẹ̀ jọ, ó sì ní òfin kan tó ń tẹ̀ lé: ohun tó wọlé gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ohun tó jáde àti ohun tó ṣẹ́ kù nínú táńkì. Bí wọn ò bá dọ́gba, yóò tún iye tí mítà kọ̀ọ̀kan mú wá ṣe. Èyí tí a fọkàn tán, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ má fọwọ́ kàn án. Èyí tí a kò fọkàn tán ni yóò yí jù. Ṣùgbọ́n bí àṣìṣe náà bá tóbi jù, kò gbọdọ̀ pín in kiri fún àwọn tí kò ṣẹ̀. Ẹnì kan ní láti wá ibi tó ti wá. Èmi lẹni náà. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn, bóyá nítorí pé ó máa ń fi mí lọ́kàn balẹ̀ pé ohun tó sọnù kò ṣàì wà níbìkan.

Nígbà tó yá, ìṣirò ti màámi kò dọ́gba mọ́. Omi inú ike ń tán bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ohun tó ń kún ìwúwo wọn ju omi náà lọ, ẹsẹ̀ wọn sì ń wú. Mo kọ́kọ́ fura sí ìwọ̀n. Mo gbé àpò ìrẹsì tí a kò tíì tú lé e. Òótọ́ ló sọ. Ó wá ku màámi. Ẹ̀rù bà mí láti rò ó, ojú sì tì mí pé mo rò ó. Síbẹ̀, mo bi wọ́n.

"Màámi, ṣé ẹ kì í mu omi mìíràn tí mi ò bá sí nílé?"

"Ṣé irọ́ ni mò ń pa?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, mà."

"O sọ ọ́. Ọmú tí o mu lọ́wọ́ mi, ta ló bá ọ wọ̀n ọ́n?"

Mo jáde lọ síbi iṣẹ́. Nínú takisí míkírà tí mo wọ̀, mò ń rò ó pé bí mo bá gbà wọ́n gbọ́, wọ́n lè kú; bí mi ò bá sì gbà wọ́n gbọ́, mo ti ba nǹkan kan jẹ́ láàárín wa. Mi ò mọ èyí tó ń dùn mí jù nínú méjèèjì.

Ọ̀gá mi, obìnrin kan tí ẹ̀pà kì í tán lẹ́nu wọn, bi mí pé kí ló dé tí ojú mi rí báyẹn. Mo ṣàlàyé fún wọn.

"Bí ìwọ̀n bá ń sọ òótọ́, tí màmá náà ò sì purọ́," wọ́n ní, "a jẹ́ pé páìpù kan wà tí kò sí nínú àwòrán rẹ. Lọ wá a. Má bá wọn jà."

Mo tọrọ ààyè lọ́jọ́rú, mo jókòó sílé. Nígbà tó di ọ̀sán, màámi kúnlẹ̀ gbàdúrà. Bí wọ́n ṣe ṣe àmín tán, wọ́n fa kẹ́ẹ̀gì omi àdúrà tí wọ́n ń gbé wá láti ṣọ́ọ̀ṣì wa yọ, wọ́n bu ife kan kún, wọ́n dijú, wọ́n mu ún tán. Wọn ò fi pa mọ́ fún mi rárá. Èmi náà ti ń rí kẹ́ẹ̀gì yẹn ní igun yàrá láti kékeré. Kò wá sí mi lọ́kàn rí láti kà á mọ́ omi.

"Màámi, omi lèyí o."

"Omi àdúrà ni."

"Tó bá ti dénú yín, omi ni, mà."

Wọ́n gbé ife náà sílẹ̀ jẹ́ẹ́. "Ṣé ó dá ọ lójú?"

Mo fẹ́ sọ pé kò dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú.

"Mo sì ń rò pé òun ló ń gbé mi ró," ni wọ́n wí.

Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Ẹsẹ̀ wọn kò wú mọ́, dókítà sì yìn wá. Ṣùgbọ́n àdúrà ọ̀sán wọn kúrú, wọn kì í sì dijú mọ́. Wọ́n kàn ń ti ìka bọ omi náà, wọ́n á fi ra orúnkún. Ó ń dùn mí bíi pé èmi ni mo gbà á lẹ́nu wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ní kí n dín omi inú ike kù, kí wọ́n lè rí ààyè mu díẹ̀ nínú ti àdúrà; èmi á bá wọn wọ̀n ọ́n.

"Má ṣèyọnu," wọ́n ní. "Bí o bá ti lè wọ̀n ọ́n, omi lásán ni."

Wọ́n ní kí n tètè máa lọ, kí n má baà pẹ́ dé ibi iṣẹ́.