Dọ́fíìnì àti Ẹyẹ Oko Bàbá Mi

Ogún ọdún rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ìlú Ọ̀sí nípa dọ́fíìnì, ẹranko inú òkun tó rí bí ẹja ńlá, n kò sì fojú kan òkun rí. Ó ti sú mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìwé ètò-ẹ̀kọ́ ní kí n fi í wé ẹyẹ ńlá ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan tí ń gbé inú koríko. Ta ló ń ronú irú èyí? Mo ya àwọn méjèèjì sójú pátákó. Mo ní dọ́fíìnì ń bímọ, ó sì ń fún un lọ́mú; ẹyẹ yìí ń yé ẹyin sórí ilẹ̀ lásán.

Ibẹ̀ ni mo ti dá ẹyẹ náà mọ̀. Òun ló máa ń wá ṣa tata jẹ lóko wa tí a bá ti dáná sun igbó. Bí bàbá mi bá bá ẹyin rẹ̀ nílẹ̀, kì í kọ ebè débẹ̀. Koríko ibẹ̀ á wà títí ẹyin náà yóò fi pa.

Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni wọ́n ń pe ẹyẹ yìí ní ìlú Ọ̀sí níbí?"

Bàbá mi ti kú, n kò sì bi í ní orúkọ ẹyẹ náà rí. Mo kọjú sí pátákó, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé dọ́fíìnì.