Katakátá Tí A Ṣe fún Òṣùpá

Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ dán katakátá wa wò, dípò kó walẹ̀, ẹ̀yìn ló ń fà sí bí ewúrẹ́ tó rí odò. Èmi ni mo ya àwòrán rẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Kétu. Ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun ló ní ká ṣe é, kí wọ́n lè fi gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé lórí òṣùpá.

Iṣẹ́ náà le, torí nǹkan kì í wúwo lọ́hùn-ún. Ẹrù ọkùnrin mẹ́fà níhìn-ín, ẹnì kan á dá a rù níbẹ̀. A wá fi okùn gbé katakátá náà kọ́ sí irin àjà, a so òkúta mọ́ ìdí kejì okùn kó lè máa fà á sókè, kó fúyẹ́. Ìyẹn ni ṣọ́bìrì rẹ̀ kò fi rí ilẹ̀ wọ̀, tó ń ti ẹ̀rọ sẹ́yìn. Inú agbada gàrí la ti yan iyẹ̀pẹ̀ ìdánwò gbẹ, torí ilẹ̀ òṣùpá kò lómi. Obìnrin tó yá wa ní agbada ní kí n má ṣe fi gàrí bẹ́ẹ̀ pe òun jẹun.

Àwọn tó gbéṣẹ́ fún wa ti ń bọ̀ wá wò ó. Bí kò bá walẹ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wa nìyẹn. Fòfó Yísá, ẹ̀gbọ́n tó ń bá mi jó irin, rẹ ohùn sílẹ̀.

"Madaamu, ẹ jẹ́ ká yọ òkúta díẹ̀. Á wúwo sí i, á sì walẹ̀. Ta ni yóò mọ̀?"

"Fòfó, òṣùpá á mọ̀."

"Òṣùpá kọ́ lọ̀gá wa."

"Òun gan-an lọ̀gá."

Mo ń bínú, àmọ́ ẹ̀rù ló ń bà mí jù.

Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń fún aṣọ ìbora tí a fọ̀. A di etí kọ̀ọ̀kan mú, a ń fa ara wa. Fóònù rẹ̀ dún, ó jọ̀wọ́ tirẹ̀, mo fìdí janlẹ̀. Ó ń bẹ̀ mí, èmi ń rẹ́rìn-ín nínú ẹrẹ̀. Nígbà tó ń fà mí, mo dúró digbí. Ìgbà tó jọ̀wọ́ ni mo ṣubú. Mo sáré lọ tún àwòrán yà. Mo yọ ṣọ́bìrì kúrò, mo fi àgbá eléyín kan síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn, kí wọ́n máa yí kọjú síra wọn. Bí tiwájú bá ti ẹ̀rọ sẹ́yìn, tẹ̀yìn á tì í síwájú, ẹ̀rọ náà á sì dúró sójú kan.

Nígbà tí àwọn àlejò dé, katakátá tí a tún ṣe náà walẹ̀ wẹ́rẹ́. Ọ̀gá wọn, ọkùnrin kan tójú rẹ̀ le, di okùn mú.

"Ṣé ó dá yín lójú pé òkúta yìí pé?"

Kí n tó lanu, Fòfó Yísá ti gbé òmíràn mọ́ àyà.

"Mesié, ẹ jẹ́ ká fi kún un, kó fúyẹ́ ju ti òṣùpá lọ."

Ó so ó mọ́ òkúta tó wà lókùn. A kò dán ìyẹn wò rí. Katakátá náà gbọ̀n, ó dúró díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi níwájú gbogbo wọn. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó bu iyẹ̀pẹ̀ sọ́wọ́, ó wojú mi.

"Ìgbà wo lẹ lè ṣe èkejì?"