Gbogbo Oyè Tí Mo Kó Lé Orí Ìwé Ìyá Mi

Ní àdúgbò wa ní Ẹdẹ, bí kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni bá dákú, èmi ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. N kì í tún un ṣe o. Màá pa á, màá tún un tàn, màá mi orí bíi dókítà tó rí àìsàn tí kò gbóògùn, màá sì ní kí wọ́n gbé e lọ sí Òṣogbo. Síbẹ̀, wọn ò yéé pè mí ní Ẹnjiníà, èmi náà ò sì yéé dáhùn. Jọ́gíráfì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ìyàwó mi nìkan ló máa ń rán mi létí.

Láìpẹ́ yìí ni mo rí ètò kékeré kan tí wọ́n ń so mọ́ èyí tí mo fi ń kọ ímeèlì. Olùrànlọ́wọ́ ni wọ́n pè é. Gbogbo ímeèlì ló ní orí, bí orí lẹ́tà tí wọ́n kọ́ wa ní iléèwé: ẹni tó kọ ọ́, ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí, ibi tí èsì yóò gbà padà. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ fara pamọ́, ẹ̀rọ ló ń kà á. Olùrànlọ́wọ́ yìí ń jẹ́ kí èèyàn kọ ohun tó bá wù ú síbẹ̀. Ó tún ń jẹ́ kí èèyàn fúnra rẹ̀ yan sáfà, ìyẹn ẹ̀rọ ńlá tó ń gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tó sì ń gbé e kiri ayé, bí awakọ̀ tó ń gba ẹrù ní gáréèjì. Ẹni tó ṣe ètò náà kọ ìkìlọ̀ sí ìsàlẹ̀ pé kí ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń ṣe má fọwọ́ kàn án. Mo kà á, àánú àwọn tí wọ́n kọ ọ́ fún sì ṣe mí.

Àsìkò yẹn gan-an ni àbúrò mi obìnrin bímọ sí Kánádà. Ọmọbìnrin ni. Ìyá wa ti ra aṣọ òtútù, wọ́n ti ra ọṣẹ dúdú àti òrí, wọ́n fẹ́ lọ fi ọwọ́ ara wọn wẹ ọmọ náà. Àwọn tó ń fúnni ní físà kò fún wọn. Màmá ò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n ti ọṣẹ àti òrí náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní kò burú, pé bí àwọn ò bá lè lọ, orúkọ tí àwọn fún ọmọ yóò lọ. Orúkọ ìyá tó bí àwọn fúnra wọn ni. Wọ́n ti fi í pamọ́ láti ọdún gbọọrọ fún ọmọ-ọmọ tó bá jẹ́ obìnrin, èmi sì ti fi ọmọkùnrin nìkan kún ilé fún wọn. Bí ọmọ yìí ò bá jẹ́ ẹ, kò sí ẹlòmíràn tí yóò jẹ́ ẹ mọ́.

Nílé tiwa, a kì í pe orúkọ ọmọ síta kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé. Màmá ò ní sọ ọ́ sórí fóònù rárá. Àbúrò mi wá ní kí olúkúlùkù kọ orúkọ tirẹ̀ ránṣẹ́ sí ọkọ òun, pé kò ní ṣí ìkankan títí di àárọ̀ ọjọ́ náà. Ìyàwó mi ní kí n kọ ọ́ sórí fóònù mi kí n fi ránṣẹ́, ó parí. Mo wo obìnrin yìí. Fóònù kan náà tí wọ́n fi ń fi fídíò ewúrẹ́ tó ń jó ránṣẹ́ sí mi, ibẹ̀ ni kí n ju orúkọ ìyá-ìyá mi sí?

Mo gbé kọ̀ǹpútà mi jáde. Màmá jókòó tì mí, wọ́n tẹ̀ mọ́ mi, wọ́n sọ orúkọ náà sí mi létí wúyẹ́wúyẹ́, bẹ́ẹ̀ àwa méjì la wà nínú yàrá. Mo tẹ̀ ẹ́. Ìyẹn ò gbà mí lákòókò. Orí ìwé ló gbà mí ní gbogbo ìrọ̀lẹ́.

Níbi tí orúkọ ẹni tó kọ ìwé máa ń wà, àyè gbọọrọ ni mo bá níbẹ̀. Ta sì ni yóò jókòó ní Ẹdẹ kó kọ orúkọ ìyá rẹ̀ ní ìhòòhò? Mo kọ Àlàájà. Mo kọ Olóyè. Mo kọ Ìyá Àdínnì, èyí tí wọ́n jẹ lóòótọ́, mo sì fi Ìyá Gbogbo Ilé Wa kún un, èyí tí mo fi wọ́n jẹ níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yìn gbogbo rẹ̀ ni mo tó kọ orúkọ wọn. Mo fi àmì pupa sí i pé kánjúkánjú ni. Mo fi àkọlé sí i pé Ìbùkún Ńlá Ń Dúró Dè Yín, Ẹ Ṣí I Báyìí. Mo dá àdírẹ́sì kan sílẹ̀ fún Màmá láti inú orí mi, ó ní orúkọ agbolé wa nínú, ó sì dùn ún wò, àfi pé kò sí níbì kankan. Mo wá yan sáfà ọ̀fẹ́ kan ní ìlú òyìnbó kan tí èmi olùkọ́ Jọ́gíráfì ò lè fi ọwọ́ tọ́ka sí lórí máàpù. Mo rò ó pé ìwé tó bá gba òkè òkun kọjá ni wọn yóò bọ̀wọ̀ fún, bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ọjà tòkunbọ̀.

Màmá bojú wo ohun tí mo ń kó jọ, wọ́n bi mí bóyá gbogbo ìyẹn pọn dandan. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ọ̀wọ̀ ló ń ṣílẹ̀kùn. Wọ́n ní ó dáa, pé èmi ni mo mọ̀wé.

Mo ti ní kí Olùrànlọ́wọ́ fi nǹkan kan sí orí ìwé náà tí yóò ta mí lólobó bí ọkọ àbúrò mi bá ti ṣí àpótí ímeèlì rẹ̀ tó sì rí i. Kò ta mí lólobó kankan. Ní àràárọ̀, bí Màmá bá ti kírun Súbúyì tán, wọ́n á bi mí bóyá ìwé ti dé. Mo ní ó ti dé. Nígbà tí wọ́n bi mí bí mo ṣe mọ̀, mo ní sáfà náà kì í tàsé. Èmi tí n kò tíì pàdé sáfà náà rí.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ pé. A gbé kọ̀ǹpútà sórí àpótí ìjókòó ní pálọ̀. Màmá wọ léèsì wọn tó dára jù, wọ́n jókòó gbọnrangandan bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò. Nínú kọ̀ǹpútà, áfáà ọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún ń ka orúkọ tí wọ́n to sórí bébà. Ó ka ti bàbá ọmọ, ó ka ti àwọn òbí bàbá ọmọ, ó ka tèmi pàápàá, èyí tí mo fi fóònù tẹ̀ ránṣẹ́ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ká bébà náà pọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ àdúà.

Màmá dìde, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ ṣe àlùwàlá. Kò tíì tó àsìkò ìrun kankan.

Mo pariwo mọ́ kọ̀ǹpútà pé orúkọ Màmá ńkọ́. Àbúrò mi ní kò sí. Láti àárọ̀ ni ọkọ òun ti rí i pé kò sí, òun ló ní kó má bi wá. Ó rò pé inú ń bí Màmá nítorí ìrìn-àjò tí kò bọ́ sí i, pé ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti fi orúkọ ránṣẹ́. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọn ò wo kọ̀ǹpútà. Èmi ni wọ́n ń wò.

Mo búra pé mo fi í ránṣẹ́. Ọkọ àbúrò mi wá gbogbo ibi tó yẹ, ó wá lọ wo àpótí tí ẹ̀rọ máa ń da ìwé àwọn gbájúẹ̀ sí. Ó bú sẹ́rìn-ín. Àárín ẹnì kan tó fẹ́ fún un ní ogún ọmọ ọba àti ẹnì kan tó ń ta oògùn irun ló ti rí Ìyá Gbogbo Ilé Wa. Ó ka oyè náà sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo àlejò ilé wọn sì ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ìwé yìí sọ pé ọ̀dọ̀ wa lòun ti ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ tó gbé e wá ò mọ̀ wá rí, àdírẹ́sì tó wà lórí rẹ̀ ò sì sí láyé.

Àbúrò mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, irú ìwé báyìí ni wọ́n fi ń lu àwọn arúgbó ní jìbìtì níbí."

Ojú tì mí débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú kọ̀ǹpútà. Ọkọ rẹ̀ ní kí wọ́n ṣe sùúrù, pé òun fẹ́ ka orúkọ náà báyìí. Màmá ti padà wọlé.

Wọ́n ní, "Ẹ má kà á. Ẹ gbé fóònù yín sún mọ́ ọmọ náà létí."

Wọ́n ní kí n bọ́ sẹ́yìn, mo sì bọ́ sẹ́yìn. Wọ́n sún mọ́ kọ̀ǹpútà débi pé iwájú orí wọn nìkan ni àwọn ará Kánádà ń rí. Wọ́n pe orúkọ náà jẹ́jẹ́. Wọ́n fi oríkì tẹ̀ lé e, oríkì tí n kò gbọ́ lẹ́nu wọn láti ọjọ́ tí a ti sin ìyá wọn. Ohùn wọn gbọ̀n díẹ̀, wọn ò sì dúró. Lọ́hùn-ún, àbúrò mi ń sunkún, kò lè ṣe àmín. Èmi náà ń sunkún, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ni mo ti ń ṣe tèmi.

Mo ti yọ Olùrànlọ́wọ́ náà kúrò. Ìyàwó mi ló mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́.

Ẹ ó fẹ́ mọ orúkọ náà. Mo bi Màmá bóyá kí n kọ ọ́ síhìn-ín. Wọ́n ní kí n má ṣèyọnu, pé ọmọ náà ti gbọ́.