Mọ́ńdè Tí Mo Ń Jẹ́ Dàda

Àdúgbò Ẹ̀pẹ́ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ní Ṣàgámù, níbi tí mo ti ń gẹrun fún ọkùnrin. Irun tí àwọn ọ̀dọ́ ń béèrè jù lọ báyìí ni èyí tí wọ́n ń pè ní kọ́ọ̀lù. A ó gẹ ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn orí wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí awọ orí á fi máa hàn, a ó fi ti àárín sílẹ̀ kó ga, a ó wá sọ ọ́ di kókó wẹ́wẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé oògùn la fi ṣe é. Kò sí oògùn níbẹ̀. Irun wa fúnra rẹ̀ ló mọ bí òun ṣe ń ká, èmi kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni.

Mo máa ń fọ irun náà, máa jẹ́ kí omi rẹ̀ fà díẹ̀, kó má gbẹ, kó má sì máa ro. Máa fi ìpara pa á. Lẹ́yìn náà ni máa mú fóòmù oníhò, fóòmù dúdú kan tí ihò wẹ́wẹ́ kún ojú rẹ̀, máa gbé e lé irun, máa sì máa yí i. Ọwọ́ kò gbọdọ̀ wúwo. Ibì kan náà ni kí èèyàn máa yí i sí; ẹni tó bá yí i síhìn-ín tó tún yí i sọ́hùn-ún, á bá irun tó lọ́ mọ́ra bí òwú tí ológbò fi ṣeré. Mo máa ń kìlọ̀ fún àwọn oníbàárà mi pé kí wọ́n fọ̀ ọ́ kí ọ̀sẹ̀ tó yí, kí wọ́n fi ìyarun yà á, nítorí tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ pẹ́, á lẹ̀ pọ̀, á di dàda. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èmi kì í bá wọn rẹ́rìn-ín sí i mọ́.

Ọjọ́ Fráídè ni ṣọ́ọ̀bù máa ń kún jù. Àwọn ọmọ olùkọ́ yunifásítì ìjọ tí kò jìnnà sí wa, tí ilé wọn ń pa Sátidé mọ́ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ìsinmi, gbọ́dọ̀ ti dìde lórí àga mi kí oòrùn tó wọ̀. Wọ́n á máa yọjú wo ojú ọ̀run bí ẹni tó sá ẹ̀gẹ́ síta. Ọ̀kan nínú wọn á na fóònù sí mi, á ní kí n ṣe òun kí òun rí bí agbábọ́ọ̀lù kan. Máa wo agbábọ́ọ̀lù, máa wo orí tó wà níwájú mi, máa sì tan ẹ̀rọ ìgẹrun. Orí burúkú kì í gbọ́ ọṣẹ, ṣùgbọ́n a kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà.

Nígbà tó yá, èmi náà ṣe é sórí ara mi. Mo ti kọjá ẹni tó ń ṣe irú irun bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi ní mo dà bí bàbá tó jí fìlà ọmọ rẹ̀ dé. Mo ní iṣẹ́ ni, pé kí àwọn èèyàn lè rí i lórí mi kí wọ́n tó jókòó. Ọjọ́ Sọ́ńdè ni mo ṣe é. Mọ́ńdè ni mi kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù, ọjọ́ náà ni mo sì máa ń lọ wo màmá mi ní Akaka. Mo gbé irun náà lọ bẹ́ẹ̀ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Kí n tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó yẹ kí n sọ irú ipò tí màmá mi wà. Ìdílé mùsùlùmí olóbì ni ìdílé wa ní Ṣàgámù. Obì ni màmá mi tà títí agbára fi kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì máa ń mọ èyí tí kòkòrò ti wọ̀ láìlà á. Nígbà tí bàbá wa kú, ó padà sí Akaka, ìlú ìyá rẹ̀, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ibẹ̀ ni iyè rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra. Ó kọ́kọ́ ń gbàgbé ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ sí. Ó ń gbàgbé pé òun ti kírun, á sì tún un kí. Lẹ́yìn ìyẹn ló gbàgbé mi.

Bí mo ṣe mọ̀ ni pé ó bọ̀wọ̀ fún mi. Mo wọlé, ó ní, “Ẹ káàbọ̀,” ó sì ní kí ẹ̀gbọ́n mi gbé àga fún àlejò. Ó bi mí bóyá obì pupa ni mo fẹ́ ni àbí funfun. Ó ní obì ò fi bẹ́ẹ̀ wá lọ́dún yìí, pé kí n má bínú. Ó rò pé oníbàárà láti òkè Ọya ni mí. Mo jókòó, mo ní pupa ni mo fẹ́. Ó ní kí n ní sùúrù kí òun ránṣẹ́ sí oko. Èmi tó bí, “ẹ” ló ń pè mí títí mo fi dìde. Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi béèrè bí ara màmá mi ṣe rí, mo ní ara wọn yá. Mo jẹun, mo sùn. Mo ń retí kó dùn mí, kò dùn mí. Àyà mi kàn kú tipiri, bí apá tí èèyàn fi orí lé sùn.

Bó ṣe rí fún oṣù mélòó kan nìyẹn. Gbogbo Mọ́ńdè ni mò ń lọ ra obì lọ́wọ́ màmá mi, kì í sì í sí obì. Ohun tó wá le níbẹ̀ ni pé ó kọ oúnjẹ. Ẹ̀gbọ́n mi á se ìkọ́kọrẹ́ tó fẹ́ràn jù láyé, á gbé ṣíbí sún mọ́ ọn lẹ́nu, màmá mi á sì yí ojú sí ògiri. Dókítà ní ọ̀fun rẹ̀ ò ní àrùn kankan. Ó kàn ń gbẹ ni, ó ń gbẹ títí òrùka fi ń yọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò bò ó mọ́lẹ̀ fún mi: ó ní tó bá ń bá a lọ báyìí, màmá wa kò ní rí Iléyá.

Mọ́ńdè tí mo gbé kọ́ọ̀lù dé, orí ẹní ni màmá mi jókòó sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Mò ń retí kó bi mí nípa obì. Ó wo orí mi, ó wò ó pẹ́, ó wá fi èdè Rẹ́mọ tí a bí i sí sọ̀rọ̀.

“Dàda, ùwọ rèé? Urun ẹ ti hù padà.”

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni Dàda. Irun tó ta kókó ló bá wáyé, ẹnikẹ́ni kì í sì í pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní orúkọ mìíràn. Àwọn àgbà ní a kì í fọwọ́ kan orí Dàda láìfún un ní nǹkan, wọ́n sì ní kí a máa se ẹ̀wà sàárà fún àwọn èèyàn àdúgbò nítorí rẹ̀. Bàbá wa kò fẹ́ràn irú rẹ̀ rárá. Kí Dàda tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ni wọ́n fá irun náà. Màmá mi ní tí wọn ò bá ní ṣe gbogbo ohun tó yẹ, kí wọ́n má fọwọ́ kan ọmọ òun, wọ́n sì ṣe é. Irun lọ, orúkọ kò lọ. Ẹni pẹ̀lẹ́ ni. Tí wọ́n bá lù ú níbi eré, èmi tí mo jẹ́ àbúrò ni máa lọ gbèjà rẹ̀, gbogbo àdúgbò á sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé Dàda ò lè jà, ó ní àbúrò tó gbójú. Ibà ló pa á nígbà tó kù díẹ̀ kó jáde ìwé mẹ́wàá. Láti ọjọ́ náà, mi ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu màmá mi.

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, òun náà wò mí. Màmá mi ti ń tú etí ìró rẹ̀, ó ń wá nǹkan. Awẹ́ obì kan tó ti gbẹ ló bá níbẹ̀. Ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ mi, nítorí ọwọ́ òfìfo kì í kan orí Dàda, ó wá gbé ọwọ́ lé irun mi. Ó ń fi ìka tọ́ àwọn kókó náà wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń bú àwọn tó sọ pé irun náà kò ní hù mọ́.

“Ẹ se ẹ̀wà,” ló wí. “Dàda ti wá ulé. Ẹ se ẹ̀wà.”

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ẹ̀wà kaná. Nígbà tó jinná, a pe àwọn ará ilé kejì, wọ́n wá jẹ, màmá mi sì bá wọn jẹ. Sàárà Dàda ni, ẹnikẹ́ni kì í kọ̀ ọ́. Ó jẹ ẹ́ dé ìdí àwo, ó ní epo rẹ̀ kéré. Ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé lọ sunkún. Èmi jókòó síbẹ̀, mo mú awẹ́ obì náà dání.

Kí n tó dìde, ẹ̀gbọ́n mi ti ṣèlérí fún màmá mi pé Dàda á máa wá ní gbogbo Mọ́ńdè. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí, ṣùgbọ́n ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe fá tèmi. Ó sìn mí dé ibi tí àwọn ọlọ́kadà ń dúró sí.

“O ò gbọdọ̀ gẹ irun yẹn o,” ló wí.

“Àǹtí mi, èmi kọ́ ni Dàda.”

“Mo mọ ẹni tí o jẹ́. Èwo lo fẹ́, kí Màámi mọ̀ ọ́ ni àbí kí wọ́n jẹun?”

Mo ní kí wọ́n jẹun. Mi ò tilẹ̀ rò ó kí n tó dáhùn.

Láti ìgbà náà, ní àárọ̀ Mọ́ńdè, mo máa ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́ ara mi, máa jókòó síwájú dígí mi. Máa fọ́n omi sí irun, máa fi ìpara pa á, máa yí fóòmù. Ọwọ́ mi yá níbẹ̀ ju orí oníbàárà lọ, nítorí mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ewú tó bá yọjú, máa fi dáì kùn ún, torí Dàda kò dàgbà dé ibi tó ti ń hu ewú. Iwájú orí mi sì ti ń pá bíi ti bàbá wa. Fóòmù náà ń fà á tu. Mo ń rí irun mi nínú ihò rẹ̀. Mo máa ń fa ti àárín wá síwájú kó bo ibi tó ti pá. Oníbàárà kan ní kí n kúkú fá gbogbo rẹ̀ kí n sinmi, pé apárí kì í ṣe àrùn. Mo ní ó dáa.

Mo ti wá mọ Dàda báyìí ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n nígbà tó wà láyé. Màmá mi máa ń bá a ṣeré. Ó máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀, á ní ó ti fẹ́ràn ẹ̀wà jù, pé ìyàwó tó bá fẹ́ ẹ kò ní mọ oúnjẹ mìíràn sè. Mi ò mọ̀ pé màmá mi mọ àwàdà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, “lọ fọwọ́,” “gbé igbá yẹn,” ló ń bá èmi sọ. Mo jowú ẹ̀gbọ́n mi. Òkú ni, mo sì jowú rẹ̀, mo gbé owú náà lọ sílé ní Mọ́ńdè kan. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ fi máa parí, ìyẹn náà ti rọlẹ̀, mi ò nímọ̀lára kankan mọ́. Ṣùgbọ́n màmá mi ń jẹun, ẹran díẹ̀ sì ti padà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Mọ́ńdè kan lẹ́nu àìpẹ́ yìí, mò ń fi ṣíbí bu ẹ̀wà fún un, nítorí apá tètè ń ro ó. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ń ká aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ. Màmá mi jẹ díẹ̀, ó gbé ẹnu kúrò.

“Dàda, àbúrò ẹ dà?”

Ẹ̀gbọ́n mi dáwọ́ dúró.

“Èwo nínú wọn, Màámi?” ni mo béèrè.

“Èyí tó máa ń jà. Kò wá kí mi mọ́. Kí ni mo ṣe é?”

“Ẹ ò ṣe é ní nǹkan kan.”

“Àbí ó ti kú? Tó bá ti kú, ẹ wí fún mi. Ẹ má máa fi pamọ́ fún mi.”

“Kò kú, Màámi. Ṣàgámù ló wà.”

“Ó ń jẹun?”

“Ó ń jẹun.”

Ó mi orí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti tán, mo tún bu ẹ̀wà, ṣùgbọ́n kò la ẹnu. Mi ò mọ ohun tó gbé mi dé ibẹ̀. Mo ní, “Màámi, tó bá wọlé báyìí, ṣé ẹ máa mọ̀ ọ́n?”

Ó wò mí bí a ṣe ń wo ọmọ tó béèrè ọ̀rọ̀ tí kò lórí.

“Ọmọ tí mo bí? Bó ti wù kó pẹ́ tó, mo máa mọ̀ ọ́n. Ùwọ sáà lọ sọ fún un kó wá.”

Mo ní máa sọ fún un. Ó wá la ẹnu. Mo gbé ṣíbí sókè, ẹ̀wà dà sí i láyà, ẹ̀gbọ́n mi sì rọra gba ṣíbí náà lọ́wọ́ mi.