Ọjọ́ Tí Sójà Fi Ìbọn Sọ Mí Di Ògbufọ̀ Jámánì

Bí mo bá gbàgbé orúkọ ara mi, n kò ní gbàgbé ọjọ́ tí mo di ògbufọ̀ ní Onitsha nígbà ogun Bìáfírà. Aṣọ ni mo ń tà ní Bridge Head. Mo máa ń fọ́nnu fáwọn aládùúgbò pé mo gbọ́ èdè Jámánì ju Jámánì lọ. Àṣé etí ọ̀gá sójà kan ti gbọ́ ọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n wọ́ mi lọ sí ilé ìwòsàn dókítà Jámánì kan tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Aláìsàn kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ọ̀gá sójà ní, "Tell am say we go wipe out dis house before evening. Make dem comot."

Mo mọ̀ pé pípa ilé rẹ́ ráúráú ló ń wí, ṣùgbọ́n kí ni Jámánì ń pè é? "Ẹ káàárọ̀" nìkan ni mo mọ̀. Ìbọn wà lẹ́yìn mi, dókítà wà níwájú.

Mo ní, "Gútìn mọ́gìn."

Sójà ní, "Na only dat?"

"Ọ̀gá, for my place we dey greet first."

Mo kúnlẹ̀, mo fi ìka ya ilé sílẹ̀, mo to òkúta wẹẹrẹ sínú rẹ̀ bí aláìsàn. Mo tọ́ka sí sójà, mo wá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá gbogbo rẹ̀ nù. Dókítà sáré wọlé lọ kó àwọn aláìsàn jáde.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ilé ìwòsàn ti ṣófo. Ìyá kan tó sanra ju ẹṣin lọ ni mo pọ̀n dé Nkpor, ó sì ń lù mí léjìká pé, "Ngwa ngwa," kí n yára, mo ń falẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá bi mí pé èdè mélòó ni mo gbọ́, mo máa ń ní Yorùbá nìkan ni, mo ṣì ń kọ́ ọ.